Títẹ̀lé màdíhábù Màlíkì: ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ ti máa ń ṣì

Bí ẹnì kan bá ní màdíhábù Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí Ìmáàmù Màlíkì là sílẹ̀, lòun ń tẹ̀lé, ẹ bi í léèrè: bí o bá gbàgbé àlùkùnútù (àdúrà tí a ń ka ní ráká kejì) nínú ìrun Àsùbáà, kí lo máa ṣe? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé àwọn yóò foríkanlẹ̀ ìgbàgbé lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó sálámà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí màdíhábù Màlíkì ti ba ìrun ara rẹ̀ jẹ́. Fádílà, ohun tó dára ní ṣíṣe tí kì í ṣe dandan, ni àlùkùnútù. Ẹ̀san ń bẹ nínú ṣíṣe é, kò sí gbèsè kankan nínú gbígbàgbé rẹ̀, ẹni tó bá sì torí rẹ̀ foríkanlẹ̀ ti fi ohun tí a kò ní kó ṣe kún ìrun. Àwọn Ṣáfíì, tí wọ́n ń tẹ̀lé màdíhábù mìíràn, ló ní kí a foríkanlẹ̀ fún un. Onítọ̀hún gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì lù ú pọ̀ mọ́ tiẹ̀.

Ká sọ ọwọ́ sílẹ̀ lórí ìrun nìkan kọ́ ni títẹ̀lé màdíhábù. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn mọ ipò ohun kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe: èwo ni farilá (ọ̀ranyàn), èwo ni súnnà (ìṣe Ànábì tí a tẹnu mọ́), èwo ni fádílà. Ipò yẹn ló ń sọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí nǹkan bá yẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìwé wo, lọ́wọ́ ta ni

Ìmáàmù Màlíkì ọmọ Ánásì, ará Mẹ̀dínà, kú ní 795. Ó ka ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà sí ẹ̀rí nínú òfin, torí àárín wọn ni Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbé títí ó fi fi ayé sílẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń wo ọwọ́ baba wọn. Bí hádíìsì kan bá wà tí kò bá ìṣe wọn mu, Màlíkì lè fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ẹnu rẹ̀ máa wọ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ka hádíìsì sí i létí. Ẹ wo ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà inú oṣù Ṣáwálù. Màlíkì sọ nínú Muwatta, ìwé hádíìsì tó kọ, pé òun kò rí onímọ̀ kankan tó ń gbà á, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àwọn aláìmọ̀ má lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ràmàdáànì. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e ṣàlàyé pé ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni ìdí rẹ̀: ẹni tó bá gbà á ní kọ̀rọ̀, tí kò sì so ó mọ́ ọjọ́ ìtúnu, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìdáhùn wà nínú màdíhábù. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ni kò kà á débẹ̀.

Ọ̀nà Màlíkì ni Ìsìláàmù bá wọ ilẹ̀ Yorùbá láti ìhà Máálì, òun náà ni ilé kéwú Ìlọrin àti Ìbàdàn sì fi ń tọ́ ọmọ. Ìwé tó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ni ti al-Akhdari, onímọ̀ ilẹ̀ Àlìjéríà kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Pẹlẹbẹ ni: ìrònúpìwàdà, ìmọ́tótó, ìrun, ìgbàgbé nínú ìrun, ó parí síbẹ̀. Kò dé orí sàká, kò dé orí ààwẹ̀. Ẹ má torí pé ó kéré fò ó o, torí orí ìgbàgbé tó wà níparí rẹ̀ tó ọdún kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ashmawi àti Izziyya, lẹ́yìn náà Risala ti Ibn Abi Zayd ará Káírúwánì tó kú ní 996. Risala ló máa gbé yín láti orí ìgbàgbọ́ dé orí òwò, yìgì àti ogún pípín. Mukhtasar ti Khalil ló gbẹ̀yìn, òun sì ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń dá kàwé sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn, ó ń fi àmì sọ̀rọ̀: bó bá kọ "khilaf", ohun tó ń sọ ni pé àwọn onímọ̀ ò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tó jẹ́ mashúrù (ọ̀rọ̀ tó lókìkí jù nínú màdíhábù), kì í ṣe pé kóńkó jabele, kóńkó ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ṣí i lórí fóònù láìní ààfáà yóò mú ọ̀rọ̀ tí kò lágbára, yóò ní màdíhábù ló wí.

Ààfáà tí ẹ ó wá ni èyí tó ti ka ìwé náà tán níwájú ẹlòmíràn. Kò burú kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ̀yin ààfáà, lọ́dọ̀ ta lẹ ti kà á?" Ẹni tó kà á yóò dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí ẹ bá wá jókòó tì í, ẹ má jẹ́ kó ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ lójúmọ́, kí ẹ sì kọ ipò ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: F (farilá), S (súnnà) tàbí FD (fádílà). Ìwé tí kò bá ní àmì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tíì di kíkà.

Àlùwàlá

Farilá rẹ̀ méje ni: àníyàn, fífọ ojú, fífọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá, ìgúnpá náà sì wà nínú rẹ̀, fífi omi pa gbogbo orí, fífọ ẹsẹ̀ méjèèjì dé kókósẹ̀, fífi ọwọ́ ra ojú ibi tí a ń fọ̀, àti ṣíṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìfi àyè sílẹ̀ láàárín.

Méjì nínú wọn ni àwọn èèyàn ń sọnù. Àkọ́kọ́ ni fífi ọwọ́ ra ara. Lójú Màlíkì, kí omi kan ara kò tó. Ẹni tó ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀rọ omi, tí omi ṣàn kọjá, tó sì gbé e kúrò láìfi ọwọ́ ra á, kò tíì fọ ẹsẹ̀. Bákan náà ni ìwẹ̀ jánábà (ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, bíi ti ẹ̀yìn ìbálòpọ̀): dídúró sábẹ́ ṣáwà kò ṣe é, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé gbogbo ara, inú àárín ìdí, abẹ́ orúnkún, inú ìdodo. Ibi tí ọwọ́ ò bá dé lẹ́yìn, ẹ fi aṣọ tàbí kànìnkànìn ra á. Èkejì ni orí. Láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú dé ìpàkọ́ ni, irun tó bá sì rọ̀ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó dirun kò ní láti tú u, ṣùgbọ́n wíìgì kì í ṣe orí, gèlè kì í ṣe orí. Ó gbọ́dọ̀ ṣí wọn kúrò.

Súnnà rẹ̀ mẹ́jọ: fífọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, yíyọ ẹnu, fífa omi símú, fífun un jáde, dídá ọwọ́ padà lórí orí, fífi omi pa etí, bíbu omi tuntun fún etí, àti títo àwọn farilá bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra. Bísímílà fádílà ni, pákò fádílà ni.

Wàyí o, ìlò ipò. Ẹ ti kúrò nídìí kẹ́tù, ẹ wá rántí pé ẹ kò fọ ọwọ́ òsì. Farilá ni. Bí kò bá tíì pẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣe ohun tó tẹ̀ lé e, ìyẹn orí, etí àti ẹsẹ̀. Bó bá ti pẹ́, òun nìkan ni ẹ ó fọ̀, ìrun tí ẹ bá sì ti fi àlùwàlá yẹn kí, ẹ tún un kí. Bó bá jẹ́ ẹnu ni ẹ kò yọ, súnnà ni: ẹ yọ ọ́ fún ìrun tó ń bọ̀, èyí tí ẹ ti kí dára. Bí ẹ bá sì rántí ẹnu nígbà tí ẹ ti ń fọ ojú, ẹ má padà sẹ́yìn. Ẹ parí àlùwàlá ná, kí ẹ tó wá yọ ẹnu. Ìdí ni pé a kì í torí súnnà já farilá sílẹ̀ láàárín.

Iyèméjì náà ní òfin tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ lórí rédíò. Ẹni tó dá lójú pé òun ṣe àlùwàlá, tó wá ń ṣiyèméjì bóyá ó ti bàjẹ́, Màlíkì ní kó tún un ṣe, torí gbèsè ìrun wà lọ́rùn rẹ̀ dájúdájú, kò sì yẹ kó fi ohun tí kò dá a lójú san án. Àfi ẹni tí iyèméjì ń dé bá lójoojúmọ́. Ìyẹn kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn rárá.

Fífọwọ́kan obìnrin kì í ba àlùwàlá jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó di ìgbà tí èèyàn bá fi wá adùn tàbí tó rí adùn níbẹ̀. Lójú àwọn Ṣáfíì, fífọwọ́kan lásán ń bà á jẹ́, nítorí náà àwọn kan nínú wọn tó ń yí Kábà po nínú èrò rẹpẹtẹ a máa wá yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wa.

Lórí ìrun

A ń gbé ọwọ́ sókè níbi kábárà ("Allahu Akbar") tí a fi ń wọ ìrun nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ọwọ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ìrun ọ̀ranyàn a kì í ka àdúrà ìṣípalẹ̀, a kì í ka bísímílà ṣáájú Fátíhà, Fátíhà ni a ń gbé tààrà. Ní Àsùbáà, a ń ka àlùkùnútù ní ráká kejì ní jẹ́jẹ́ ṣáájú kí a tó tẹ̀ba. Bí a bá jókòó ka àtàyá (ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí tí a ń kà ní ìjókòó), ìdí òsì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì gba abẹ́ ojúgun ọ̀tún jáde, ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún sì ń lọ sí ọ̀tún àti òsì. Àtàyá tí a yàn ni èyí tí Ùmárù ọmọ Kàtábì kọ́ àwọn èèyàn lórí míńbárì, tó ní "az-zakiyatu lillah" nínú. Sálámà tó jẹ́ farilá ọ̀kan ṣoṣo ni: ojú síwájú, kí a yí i díẹ̀ sọ́tún. Ẹni tó ń kírun lẹ́yìn ìmáàmù a fi méjì kún un, ọ̀kan sí ìmáàmù níwájú, ọ̀kan sí ẹni tó wà lósì rẹ̀ bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́, ká má tan ara wa. Ibn al-Qasim, akẹ́kọ̀ọ́ Màlíkì, ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ kò dára nínú ìrun ọ̀ranyàn, òun sì ni mashúrù. Síbẹ̀, hádíìsì gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ wà nínú Muwatta fúnra rẹ̀, àwọn àgbà Màlíkì bí Ibn Abd al-Barr sì yàn án. Ìrun pé lọ́nà méjèèjì. Ẹni tó bá torí rẹ̀ ya mọ́ṣáláṣí sí méjì ti fi ohun tí kò dé ipò súnnà ba ìṣọ̀kan tó jẹ́ ọ̀ranyàn jẹ́.

Ìgbàgbé

Ẹ kọ́kọ́ mú èyí lọ́wọ́: àdínkù, foríkanlẹ̀ ṣáájú sálámà, àfikún, foríkanlẹ̀ lẹ́yìn sálámà, bí méjèèjì bá pàdé, ṣáájú sálámà. Lọ́nà méjèèjì, ìforíkanlẹ̀ méjì ni, kí a tún àtàyá kà lẹ́yìn wọn, kí a sálámà.

Kì í ṣe gbogbo àdínkù ló ń fa ìforíkanlẹ̀. Fádílà, rárá. Súnnà kékeré kan ṣoṣo, bíi kábárà ẹyọ kan tó bọ́ mọ́ wa lẹ́nu láàárín ìrun, rárá. Ẹni tó bá foríkanlẹ̀ ṣáájú sálámà fún un, ìrun rẹ̀ bàjẹ́. Kábárà méjì sókè, bẹ́ẹ̀ ni. Súrà tí a gbàgbé lẹ́yìn Fátíhà, tí a ti tẹ̀ba ká tó rántí: a kò ní padà, a ó foríkanlẹ̀ ṣáájú sálámà. Ẹni tó ka kéwú ní jẹ́jẹ́ níbi tó yẹ kó gbóhùn sókè, ṣáájú sálámà. Ẹni tó gbóhùn sókè níbi jẹ́jẹ́, lẹ́yìn sálámà. Ẹni tó gbàgbé sọ̀rọ̀ díẹ̀, tàbí tó sálámà ní ráká méjì tó sì tètè rántí, kó parí rẹ̀, kó foríkanlẹ̀ lẹ́yìn sálámà.

Jíjókòó àárín ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìmáàmù ń kí Àílà, ó parí ráká kejì, ó ń dìde lọ láìjókòó. Bí ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ kò bá tíì kúrò nílẹ̀, kó padà jókòó, kò sí ìforíkanlẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá ti kúrò, kó máa lọ, èrò ẹ̀yìn ì báà pe sùbùhánàláì títí. Yóò foríkanlẹ̀ ṣáájú sálámà. Bó bá wá ṣe àṣìṣe, tó tún padà wá jókòó lẹ́yìn tó ti dìde, ìrun kò bàjẹ́. Lẹ́yìn sálámà ni yóò foríkanlẹ̀ báyìí, torí ó ti ṣe jíjókòó náà, ó sì fi dídìde kún un.

Ìforíkanlẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú sálámà, bí a bá gbàgbé rẹ̀, tí a sì rántí kíá, a ó ṣe é. Bó bá ti pẹ́ tàbí tí a ti jáde ní mọ́ṣáláṣí, ó ti bọ́. Bó bá sì jẹ́ nítorí súnnà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni, ìrun náà bá a lọ, a ó tún un kí. Jíjókòó àárín àti àtàyá rẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ti ẹ̀yìn sálámà rọrùn. Kódà lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ṣe é níbi tí ẹ bá ti rántí.

Farilá kò ní pààrọ̀. Ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé kì í rọ́pò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣe. Ká ní ìforíkanlẹ̀ kan ni ẹ ṣe ní ráká kìíní, ẹ dìde, ẹ rántí níbi Fátíhà ráká kejì: ẹ padà jókòó, ẹ ṣe ìforíkanlẹ̀ tó kù, kí ẹ dìde bẹ̀rẹ̀ Fátíhà lọ́tun, kí ẹ foríkanlẹ̀ ìgbàgbé lẹ́yìn sálámà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbórí kúrò ní rúkúù (títẹ̀ba) ráká kejì kí ẹ tó rántí, ráká kìíní ti ṣòfò. Èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ di ìkíní, ẹ ó kí ọ̀kan kún un ní ìparí, ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé sì wà lẹ́yìn sálámà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbórí kúrò ní rúkúù ráká kẹta kí ẹ tó rántí, súrà àti jíjókòó àárín ti bọ́ kúrò ní àyè wọn. Àdínkù wọlé, ó di ṣáájú sálámà.

Ẹni tó ń ṣiyèméjì bóyá mẹ́ta ló kí tàbí mẹ́rin, kó mú un ní mẹ́ta, kó kí ọ̀kan sí i, kó foríkanlẹ̀ lẹ́yìn sálámà. Ẹni tí wáswásì (iyèméjì tí kì í dáwọ́ dúró) bá ń dà láàmú kò ní kí nǹkan kan kún un, yóò kàn foríkanlẹ̀ lẹ́yìn sálámà ni.

Lẹ́yìn ìmáàmù tí kì í ṣe Màlíkì

Ohun tó jẹ mọ́ pípé ìrun ìmáàmù, màdíhábù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ohun tó jẹ mọ́ pípé títẹ̀lé e lẹ́yìn, màdíhábù tiyín ni. Ìmáàmù Ṣáfíì tó fi omi pa apá kan orí, ẹ kírun lẹ́yìn rẹ̀, ó pé. Bó bá foríkanlẹ̀ nítorí àlùkùnútù, ẹ bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìmáàmù bá ń kí náfílà (ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn), ẹ má kí farilá lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣáfíì gbà á.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, mọ́ṣáláṣí àwọn ará Pakísítáànì ló sábà máa ń sún mọ́ wọn, màdíhábù Hánáfì sì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àlàásárì wọn a máa pẹ́ ju tiwa lọ, torí wọ́n ń dúró kí òjìji ohun kan di ìlọ́po méjì rẹ̀. Tiwa ti wọlé nígbà tí òjìji bá dọ́gba pẹ̀lú ohun náà, yàtọ̀ sí òjìji ọ̀sán gangan. Ẹ lè bá wọn kí i: àkókò tó gbòòrò lójú Màlíkì kò tíì tán títí oòrùn yóò fi pọ́n.

Yíyá ọ̀rọ̀ màdíhábù mìíràn

Kò sí ẹni tó ní kí ẹni tó ń tẹ̀lé Màlíkì má tẹ̀lé onímọ̀ mìíràn nígbà tí nǹkan bá le. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí a já apá kan níbí, apá kan lọ́hùn-ún, kí a fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Ẹnì kan fi omi pa irun díẹ̀ níwájú orí, ó ní Ṣáfíì gbà á. Ó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ láìwá adùn, ó ní Màlíkì gbà á. Ó kírun. Màlíkì yóò ní kò ní àlùwàlá, torí kò pa gbogbo orí. Ṣáfíì yóò ní kò ní àlùwàlá, torí ó fọwọ́ kan obìnrin. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó gba ìrun náà. Bí ẹ bá fẹ́ yá, ẹ yá gbogbo àlùwàlá náà tọwọ́ tẹsẹ̀, pẹ̀lú ohun tí onímọ̀ yẹn fi ṣe májẹ̀mú.

Bí ẹ bá lọ bá ààfáà, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ìrun wo, ráká kélòó, ìgbà wo ni ẹ rántí, kí ni ẹ wá ṣe. Ẹ má béèrè pé, "Ṣé ó burú?" Kí ẹ sì fi kún un pé, "Ẹ̀yin ààfáà, ṣé mashúrù nìyí?" Ìbéèrè yẹn kì í bí onímọ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ yìgì, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá yàn nílé, torí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Màlíkì ni àwọn kádì ilé ẹjọ́ Ṣàríà fi ń dájọ́ ní Ìlọrin. Yìgì láìsí wálì (ẹbí ọkùnrin tó ń fa ìyàwó fún ọkọ) kò so lójú Màlíkì. Ọ̀rọ̀ Hánáfì, tó gbà á láìsí wálì, tí ọkọ bá rí nínú fóònù kò ní gba obìnrin náà lọ́jọ́ ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí kò di dandan lásìkò síso, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ wọ yàrá títí ẹlẹ́rìí méjì yóò fi wà níbẹ̀. Sàdáàkì (ẹ̀tọ́ tí ọkọ ń san fún ìyàwó) kò gbọdọ̀ dín sí ìdámẹ́rin dínárì wúrà, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù kan lé díẹ̀, tàbí díríhámù fàdákà mẹ́ta, tó súnmọ́ gíráàmù mẹ́sàn-án. Ẹ béèrè iye tí gíráàmù fàdákà ń lọ lọ́jà lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ so yìgì, kí ẹ fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó dá iye sílẹ̀.